Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin olórí ilé-ìwé: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣeré wọ kíláàsì

Ẹ̀yin olórí ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi àti ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àfaradà ọmọ ọlọ́mọ. Mo mọ bí ọwọ́ yín ṣe máa ń dí tó nígbà tí àwọn òbí bá ń wọlé wá forúkọ ọmọ sílẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Olùkọ́ ni mí. Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn tó kéré jù ń bọ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ọwọ́ òbí sílẹ̀. Bébà kan wà tí ẹ máa ń fún òbí wọn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bébà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí ní gbangba, torí pé kì í ṣe ilé-ìwé kan ṣoṣo ló ń ṣe é.

Bébà náà kì í gùn. Ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé kí ọmọ tó wọlé, ó gbọ́dọ̀ lè ka ábídí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó lè ka 1 dé 100, kó lè kọ orúkọ ara rẹ̀, kó sì mọ orúkọ àwọ̀. Àwọn ilé-ìwé kan tún fi ìdánwò lé e. Wọ́n á mú ọmọ ọdún mẹ́rin jókòó síwájú àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, wọ́n á ní kó pe ohun tó wà lórí káàdì. Bí òbí bá ti gba bébà yìí, ìbẹ̀rù ti wọlé nìyẹn. Á ra ìwé ìkọ̀wé, á gbé ọmọ jókòó sórí àga, eré á sì dópin nínú ilé. Ọmọ tó ń fi páálí kan mọ́tò lánàá, wọ́n ti ní kó wá kọ "a" títí ojú ewé á fi kún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ti ìdí àga yẹn sunkún wọ ilé-ìwé. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi, tí wọ́n rí pẹ́ńsùlù, ara wọn á ti kó tìọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ yí bébà yẹn padà. N kò bá ábídí jà o. Iṣẹ́ mi ni láti fi ábídí kọ́ ọmọ, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ fi ń kọ́ ábídí, ohun tí ó fi ń kọ́ ìṣirò, inú eré ilé ló ti ń rí i. Bí a bá gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè wá há ábídí sórí, ohun tí èmi ìbá fi kọ́ ọ ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ n fi òǹkà bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù láti fi hàn. Lọ́dọọdún ni mo ń rí ọmọ tó lè ka 1 dé 100 láì dúró mí. Inú àwọn òbí rẹ̀ á máa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní, "Jọ̀ọ́, bá mi mú pẹ́ńsùlù márùn-ún wá," á ki ọwọ́ bọ inú agolo, á kó ẹ̀kúnwọ́ kan wá fún mi. Mélòó ló mú wá? Kò mọ̀. Ká má tan ara wa, orin ni ọmọ yẹn mọ̀, kò tíì mọ òǹkà. Ó dà bí ẹni tó há orúkọ gbogbo òpópónà ìlú kan sórí, tí kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ọmọ míì á wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò lè kà kọjá 12, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó pín ife fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́fà, á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, á sì sọ fún yín pé ó ku ẹnì kan tí kò tíì gbà. Bébà yín máa gba ẹni àkọ́kọ́ wọlé, ó sì máa dá ẹnì kejì padà. Ẹnì kejì yìí gan-an ló máa tètè yé nígbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ àròpọ̀ àti àyọkúrò.

Ìdí rẹ̀ ni pé òǹkà jinlẹ̀ ju bí a ṣe ń rò lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí i pé nǹkan kan ń gba orúkọ kan, kò gba méjì, a ò sì gbọdọ̀ fo ìkankan. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé orúkọ tí a fi parí kíkà ni iye gbogbo wọn lápapọ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ rí i pé bí a bá tú wọn ká sílẹ̀, tí wọ́n wá gba àyè púpọ̀, wọn ò pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni òye yìí kì í pé lọ́wọ́ wọn títí wọ́n fi máa tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin, àwọn mìíràn á sì kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ṣíbí orí tábìlì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Àwa mẹ́rin la fẹ́ jẹun, ṣíbí mélòó la máa gbé sílẹ̀? Ọmọ á gbé e kiri, á rí i pé ẹnì kan kò ní, á padà lọ mú ọ̀kan sí i. Ó ti ṣe ìṣirò, kò sì sí ẹni tó lé e lórí àga. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí a bá ń wá ìbọ̀sẹ̀ tó jọra láti so wọ́n pọ̀ ní méjìméjì, tí a bá ń ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń gùn ún, tí ọmọ bá dijú láti ka 1 dé 10 kó tó wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n sá pamọ́ sí.

Ohun tí àwọn onímọ̀ méjì kan rí ní Amẹ́ríkà tún fi ọkàn mi balẹ̀ lórí èyí. Ní 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler gbé iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n bá àwọn ọmọ kéékèèké láti ìdílé tí kò rí já jẹ ṣe eré orí pátákó kan, tí a kọ 1 dé 10 sí tẹ̀ léra wọn lórí ìlà gbọọrọ. Ọmọ á sún àmì rẹ̀ síwájú, á sì máa pe nọ́ńbà tí ó bá ń tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 nígbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, àwọn ọmọ náà mọ nọ́ńbà tó bá wà níwájú wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n mọ èyí tó pọ̀ ju èkejì lọ, wọ́n sì mọ ibi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan yẹ kó wà lórí ìlà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n kọ́ ò tíì kúrò lórí wọn. Àwọn ọmọ mìíràn ṣe irú eré kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ló wà lórí pátákó tiwọn dípò nọ́ńbà. Àwọn yẹn kò rí irú ìtẹ̀síwájú bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí eré yẹn gbà: páálí kan, ìlà kan, nọ́ńbà mẹ́wàá, òkúta wẹ́wẹ́ méjì. Òbí tí kò ka ìwé púpọ̀ lè ṣe é. Kí ló dé tí ìyẹn ò sí lórí bébà yín?

Ọ̀rọ̀ kíkọ náà nìyí. Ẹ máa ń ní kí ọmọ lè kọ orúkọ rẹ̀ kó tó dé. Mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ọwọ́ ọmọ wò ó. Egungun kéékèèké mẹ́jọ ló wà ní ọrùn ọwọ́ ènìyàn. Tí ọmọ bá wà ní ọdún mẹ́rin, àwọn kan nínú wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í di egungun gidi, irú ohun rírọ̀ tí ewé etí wa fi dúró ni wọ́n ṣì jẹ́. Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e kò tíì lágbára láti di pẹ́ńsùlù mú kí wọ́n sì máa darí rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ á fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ dì í mú, á máa fi èjìká kọ̀wé, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí bébà á fi ya. Lẹ́yìn ìlà méjì, ọwọ́ ti ń dùn ún. Wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ rárá.

Ohun tó ń fún ọwọ́ yẹn lágbára kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Kí ó máa fún omi kúrò lára aṣọ tútù. Kí ó máa po amọ̀, kó máa lù ú, kó máa yí i bíi ejò. Kí ó máa fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ mọ́ okùn. Kí ó máa da omi láti inú ife kan sí òmíràn, kí díẹ̀ dànù, kó sì fi àkísà nù ún fúnra rẹ̀. Kí ó máa ya bébà, kó máa fi àlùmọ́gàjí kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò mú gé e, kó máa de bọ̀tìnì aṣọ ara rẹ̀ bó tilẹ̀ pẹ́. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó di olùkọ́ni, ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, dída omi, gbígbá ilẹ̀ àti dídè bọ̀tìnì sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ọjọ́ wọn níbẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun rárá, àwa la gbàgbé rẹ̀.

Gígun nǹkan, sísáré, fífò, gbígbé garawa kékeré, àwọn náà wà nínú ìkọ̀wé. Ọmọ tí èjìká àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì le kò lè jókòó tààrà fún ìgbà pípẹ́, á máa da ara lé tábìlì, á máa yọ́ wálẹ̀ lórí àga. A ó ní kò fọkàn sí ẹ̀kọ́, nígbà tó jẹ́ pé ara rẹ̀ ló ti rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún àwọn òbí pẹ̀lú pé ọmọ tó kọ "b" bíi "d", tàbí tó kọ 3 kó kọjú sí òdìkejì, kò ní àrùn kankan. Ó wọ́pọ̀ gan-an títí dé nǹkan bí ọdún méje.

Ìwé kíkà ńkọ́? Etí ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ojú. Kí ọmọ tó lè mọ̀ pé àmì kan dúró fún ìró kan, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ pé inú ọ̀rọ̀ ni ìró wà, pé a lè yọ ọ́, pé a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 1983, àwọn olùṣèwádìí méjì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lynette Bradley àti Peter Bryant, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin àti márùn-ún tí kò tíì mọ̀wé kà sọ ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló mọ̀wé kà dáadáa lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n tún kọ́ àwọn kan nínú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ní bí a ṣe ń kó ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra jọ. Àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà kún eré ìró fún ló tẹ̀ síwájú jù nínú kíkà. Ẹ rí i pé n kò lé lẹ́tà jáde nílé. Ó kàn yẹ kí ìró ti wà nínú etí ọmọ kí lẹ́tà tó dé bá a ni.

Òbí lè ṣe èyí bó ṣe ń rìn lọ lójú ọ̀nà. "Mo rí nǹkan kan tó bẹ̀rẹ̀ bíi bàtà." "Bọ́ọ̀lù!" "Rárá." "Báàgì!" "O gbà á." Wọ́n lè pàtẹ́wọ́ fún orúkọ gbogbo ará ilé, kí wọ́n wo orúkọ tí pàtẹ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Nínú èdè tiwa tí ohùn ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, eré kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í fẹ́ kó parí: mo máa pa ẹnu mọ́, màá kùn ohùn orúkọ ẹnì kan nínú wọn lásán, wọn á sì sọ ẹni tí mò ń pè. Etí tó ti gbọ́ ìyẹn kò ní máa ṣìnà nígbà tí àmì ohùn bá dé.

Ohun kan ń bí mi nínú díẹ̀ níbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́. Ìbéèrè ìdánwò ti gba ilé kan. "Kí ni àwọ̀ eléyìí? Mélòó nìyí? Kí ni wọ́n ń pe èyí?" Látàárọ̀ dé alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, torí ìdánwò yín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ọmọ á sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á tán. Tí òbí bá béèrè pé, "Tí a bá gbé òkúta yìí sínú omi, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ewé ńkọ́? Kí ló fà á?" ọmọ á ronú, á wá ọ̀rọ̀, á ṣàṣìṣe, á tún un sọ. Ọmọ tí wọ́n ń bá fọ̀rọ̀ wérọ̀ báyìí nídìí ìwẹ̀ àti nídìí ìfọṣọ, òun ló máa ń lè sọ fún mi ohun tó ṣe é, òun náà ló sì máa ń tètè lóye ìtàn tí mo bá kà.

Èyí tó wá jẹ mí lógún jù lọ kò tilẹ̀ sí lórí bébà yín rárá.

Ohun tó máa ń da kíláàsì mi rú ní táàmù àkọ́kọ́ kì í ṣe àìmọ ábídí. Ọmọ tí kò lè dúró kí ó kàn án ni. Ọmọ tó ń ti tábìlì ṣubú tí wọ́n bá borí rẹ̀ nínú eré. Ọmọ tí mo bá sọ nǹkan méjì fún lẹ́ẹ̀kan náà, pé "gbé ìwé rẹ sílẹ̀, kí o wá jókòó lórí ẹní," tí èkejì á ti sọ nù kó tó ṣe àkọ́kọ́. Ọmọ tí nǹkan kò rọrùn fún lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi í sílẹ̀ títí láé. Olùkọ́ kan ló wà, ọmọ pọ̀. Bí ìkóra-ẹni-níjàánu kò bá tíì hù nínú wọn, ábídí tí wọ́n há sórí kò lè ṣe wọ́n láǹfààní.

Ibo ni ó ti ń hù? Inú eré ni, pàápàá eré àfarawé. Lev Vygotsky, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọdé ní Rọ́ṣíà, sọ nínú ọ̀rọ̀ tó bá àwọn ènìyàn sọ ní 1933 pé nínú eré, ọmọ máa ń dà bí ẹni tó fi orí kan ga ju ara rẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ọmọ tí kò lè dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tí mo bá pàṣẹ, ẹ ní òun ni aṣọ́nà nínú eré, ẹ ó rí i bó ṣe máa dúró gbagidi, kò ní mira, torí aṣọ́nà kì í fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Ta ló fipá mú un? Kò sí. Òfin tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá ló ń tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá ń ṣe eré dókítà, aláìsàn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ bó tilẹ̀ wù ú kó sáré, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ dókítà ṣe, ẹni tó fẹ́ di dókítà ní láti dúró kí ẹni tó wà níbẹ̀ ṣe tán. Nínú eré yẹn, ọmọ ń fi ohun tó ń ṣe é lọ́kàn sẹ́yìn, ó ń fi ohun tí wọ́n jọ ṣàdéhùn síwájú. Ohun tí mò ń wá nínú kíláàsì kò ju ìyẹn lọ.

Ìjà tún máa ń wà níbẹ̀. "Èmi ni màmá!" "Rárá, èmi ni!" Àgbàlagbà á sáré dìde láti dájọ́. Mo bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n mú sùúrù díẹ̀ ná. Tí kò bá sí ẹni tó ń fi ọwọ́ kan ẹnì kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yanjú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ó gbọ́ tí ọ̀kan máa sọ pé, "Ó dáa, màmá méjì ló wà nínú ilé yìí," eré á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n yẹn, n kò lè fi ìwé kọ́ ọ.

Eré tó ní òfin kékeré náà wúlò. Kí òbí lu nǹkan, kí ọmọ máa jó. Bí ìlù bá dákẹ́, kí ó dúró bí ère. Bí ó bá ti mọ ìyẹn, kí a yí i: tí mo bá ní "fọwọ́ kan orí," ìwọ fọwọ́ kan ẹsẹ̀, tí mo bá ní ẹsẹ̀, ìwọ fọwọ́ kan orí. Ó le ju bí ó ṣe dún lọ, àgbàlagbà pàápàá ń ṣì í ṣe. Irú eré yìí gan-an ni àwọn olùṣèwádìí fi ń wọn bí ọmọdé ṣe lè kó ara rẹ̀ níjàánu tó. Nínú lúdò tàbí eré mìíràn, kí òbí má ṣe jẹ́ kí ọmọ máa borí ní gbogbo ìgbà. Mo mọ̀ pé ó ń dùn wá láti rí i kó fajú ro. Ṣùgbọ́n ibi tó sàn jù láti kọ́kọ́ pàdánù ni ilé, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀.

Nípa wíwọ bàtà, ṣíṣí ìdérí ìkóúnjẹ, lílọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ àti fífọ ọwọ́, kí òbí fi àyè sílẹ̀ kí ọmọ máa ṣe é, ó parí. Ìdajì ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti lè máa sọ pé, "Àwọn òbí ló ń béèrè fún un. Wọ́n fẹ́ rí i nínú ìwé." Òótọ́ ni. Owó ọmọ ni wọ́n ń san, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti rí ohun tí wọ́n san án fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà. Òbí tí ẹ bá sọ fún pé pípín ife ni ìṣirò ọmọ rẹ̀ lónìí, tí ẹ sì ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ fún un, á gbà. Mo ti rí àwọn tó gbà, tí ojú wọn sì yí padà nígbà tí ó yé wọn pé ohun tí àwọn ń ṣe nílé tẹ́lẹ̀ dára.

Àwọn kan á ní kò sí àkókò, ilé iṣẹ́ ti gba gbogbo ọjọ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni wá wákàtí kan fún eré. Aṣọ yóò di fífọ̀ bó ti wù kó rí, tábìlì yóò di títò, ọ̀nà ilé yóò di rírìn. Kí ọmọ kàn wà níbẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀. Yóò pẹ́ ju bí àgbàlagbà ṣe máa ṣe é lọ, ìyẹn ni owó tí a ń san.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé ti fi rọ́pò eré, wọ́n sì ń sọ fún mi pé ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ ló wà lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ìlànà kan síta ní 2019 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Fún ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, wọ́n ní kí ìjókòó sídìí ojú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n má ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì kéré sí i, ó dára jù. Wọ́n ní kí ara ọmọ máa yí, kó máa sáré, kó máa fò, fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lóòjọ́, kó sì sùn fún wákàtí 10 sí 13. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò fún ọmọ tó ń jókòó kọ ábídí látìgbà tó bá ti jí. Àyè ò sí.

Àǹfààní kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Òbí tó ń bá ọmọ ṣeré ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ọmọ tí kì í yíjú nígbà tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn nínú eré ìsápamọ́, bóyá etí rẹ̀ ló yẹ kí dókítà wò. Ọmọ tí kì í rí bọ́ọ̀lù títí ó fi máa kan án, bóyá ojú ni. Tó bá jẹ́ ìwé la fi sí iwájú rẹ̀ nìkan, a ó pè é ní olórí kunkun fún ọdún kan gbáko kí a tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi.

Ilé-ìwé tí ẹ ń darí fúnra rẹ̀, inú eré ló ti jáde. Friedrich Fröbel, olùkọ́ ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ irú ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, dá ilé eré rẹ̀ fún àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì ní 1837, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, búlọ́ọ̀kù onígi, orin àti ọgbà tí àwọn ọmọ ń gbin nǹkan sí. Ìjọba Pọ́rọ́ṣíà, ọ̀kan lára àwọn ìjọba tó wà ní Jámánì nígbà náà, fòfin dè é ní 1851, ọdún 1860 ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, síbẹ̀ kò parẹ́. Ní Fínlándì títí di òní, ọdún tí ọmọ bá pé méje ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé gan-an. Eré ló gbapò iwájú nínú ẹ̀kọ́ ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1989, sì sọ ọ́ kedere ní abala 31 rẹ̀ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, a kì í ṣe é lóore.

Mo ti gbìyànjú láti kọ bébà tí mo fẹ́ kí ẹ fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe bó ṣe wù yín:

"Òbí wa ọ̀wọ́n, kí ọmọ yín tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣe iṣẹ́ ilé, kó máa pín nǹkan, kó máa kà á. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ẹ máa fi ìró ọ̀rọ̀ ṣeré. Ẹ jẹ́ kó fi amọ̀, omi àti páálí ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ kó bá ọmọ mìíràn ṣeré, kó dúró kí ó kàn án, kó pàdánù nígbà mìíràn. Ẹ kà ìwé ìtàn fún un tí ẹ bá ní in, ẹ sọ ìtàn fún un tí ẹ ò bá ní. Bí ó bá béèrè lẹ́tà orúkọ rẹ̀, ẹ fi hàn án. Bí kò bá béèrè, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún wa."

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fagi lé ìdánwò ìgbàwọlé fún àwọn ọmọ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọmọ, ẹ fi búlọ́ọ̀kù àti ife sílẹ̀ nínú yàrá kan, ẹ jẹ́ kí òun àti àwọn ọmọ méjì míì ṣeré níbẹ̀, kí olùkọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máa wò. Ẹ sì fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù láti bá wọn ṣeré nínú kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọlé wá bi wá léèrè ìwé tí wọ́n ti kọ. Bí ẹ bá pe àwọn òbí sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti ṣetán láti wá, kí n kó páálí àti òkúta wẹ́wẹ́ dání, kí gbogbo wa jókòó sílẹ̀ ṣe é kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́